Ìfiwéra nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọmọ kí apá méjèèjì lè bára mu?

Tíṣà SS3

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ SS3 ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ògbómọ̀ṣọ́, WAEC sì ti dé tán. Ohun kan wà tí mo ti ṣàlàyé títí tí kò tíì wọ̀ wọ́n lára. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ àròkọ tí wọ́n ti máa fi nǹkan méjì wéra, irú gbólóhùn tó máa ń jáde nìyí:

The population of Lagos is larger than Ibadan.
Olu's handwriting is neater than Sade.
To read a novel is easier than writing one.
Lagos is busier than any city in Nigeria.
I prefer to cook than washing plates.

Màá fi bíírò pupa tún un ṣe, wọ́n á dáhùn pé ó ti yé àwọn, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun kan náà ni wọ́n á tún kọ. Ìwé gírámà tí à ń lò kàn sọ pé kí "parallel structure" wà, ó fi àpẹẹrẹ méjì sí i, ó sì kọjá síbòmíì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn há òfin sórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọmọ rí, àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà ṣàlàyé rẹ̀ tó fi ń yéèyàn? Bẹ́ ẹ bá lè fi Yorùbá là á yé wa, inú mi á dùn, torí Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ nílé.


Màmá Tíṣà

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ náà so èso. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ṣì máa ń ká mi lára, torí pé èdè ọmọ Yorùbá ti kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó dé ilé-ìwé rárá.

Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú gbólóhùn ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, kí ẹ ní kí ọmọ náà fi Yorùbá sọ ohun tó ní lọ́kàn. Kò jẹ́ sọ pé "Ọwọ́ ìkọ̀wé Olú dára ju Ṣadé lọ." Fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé "Ọwọ́ ìkọ̀wé Olú dára ju ti Ṣadé lọ." Ẹ ní kó tún un sọ, kó rọra sọ ọ́. Kí ẹ wá bi í pé: kí ni "ti" yẹn wá ṣe níbẹ̀? Kí ló dúró fún?

Ọmọ tó bá ronú díẹ̀ á dáhùn pé ọwọ́ ìkọ̀wé ni. "Ti" ló gbé ọwọ́ ìkọ̀wé wá sí apá kejì. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, Ṣadé alára, tòun ti orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, la ń fi wé lẹ́tà tí Olú kọ sórí ìwé. Gbogbo ohun tí ìwé gírámà yẹn ń wí kò kọjá èyí: irú ohun tó bá wà ṣáájú "than" ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí àwa ti ń lo "ti", Gẹ̀ẹ́sì á lo "that of" tàbí "those of", tàbí kó fi àmì oníǹkan sẹ́yìn orúkọ: Olu's handwriting is neater than Sade's.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń pín bọ́ọ̀dù sí méjì, Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì:

Owó ilé Èkó wọ́n ju ti Òṣogbo lọ.
The rent in Lagos is higher than that in Osogbo.

Òkè Èkìtì ga ju ti Ìjẹ̀bú lọ.
The hills of Ekiti are higher than those of Ijebu.

Ẹ má sáré kọjá níbí, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì í. "Ti" tiwa kò mọ ẹyọ kan, kò mọ ọ̀pọ̀. Bákan náà la ṣe ń lò ó fún owó ilé kan àti fún òkè mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ á fẹ́ mọ̀. Nítorí náà, kí ọmọ náà bi ara rẹ̀ pé ohun tí "ti" dúró fún, ṣé ẹyọ kan ni àbí ó pọ̀? "Rent" kò ju ẹyọ kan lọ, "that" ni. "Hills" pọ̀, "those" ni.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e. "Of" ni wọ́n máa ń há sórí, ibi gbogbo ni wọ́n sì máa ń tì í sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀yìn wo apá kìíní. Bí apá kìíní bá sọ pé "the rent in", apá kejì á sọ pé "that in". Bó bá sọ pé "the hills of", á di "those of". "The road from Ilorin" á mú "that from" wá. Apá kìíní ló ń pàṣẹ fún apá kejì.

Ní ti "To read a novel is easier than writing one", Yorùbá náà ló máa gbà wọ́n. "Kíka ìwé ìtàn rọrùn ju kíkọ ọ́ lọ." Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ: kíkà, kíkọ. Bí ìró kìíní ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ìkejì ṣe bẹ̀rẹ̀. "Reading a novel is easier than writing one." Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi "to" bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi "to" parí rẹ̀: "It is easier to read a novel than to write one." Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí wọ́n fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n fi ìkejì parí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Màá fún wọn ní òwe, wọ́n á gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì láì ba ìdúró rẹ̀ jẹ́. "Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà." Ẹ wo bí apá méjèèjì ṣe rí: ní aṣọ tó àgbà, ní àkísà tó àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí padà, gbogbo agbára òwe náà sì wà lára ọ̀rọ̀ yẹn, torí pé ohun tó yí i ká kò yẹ̀. "A child may have as many clothes as an elder, but he cannot have as many rags as an elder." Ẹ fún wọn ní "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ" náà. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ikú, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ẹ̀sín. Ọmọ tó bá kọ "Death is better than to be disgraced" á rí i fúnra rẹ̀ pé òwe náà ti wọ́.


Olóòtú Ìròyìn

Ẹ ṣeun mà, Màmá. Mo ti ṣe ẹ̀dà ohun tẹ́ ẹ kọ yìí pamọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ìròyìn ṣe kó tó jáde, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Bí ọmọ bá ti mọ "that of" tán, ó lè wá sọ ọ́ di àṣà. Ẹ wo èyí: "The length of the Nile is greater than the Niger." Ó kù díẹ̀ káàtó, torí gígùn odò kan la fi wé odò mìíràn. Ẹ lè tún un ṣe pé "than that of the Niger", ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ni "the length of" ń wá níbẹ̀? "The Nile is longer than the Niger." Ó tán. Nile tó nǹkan bíi 6,650 kìlómítà, Odò Ọya tó nǹkan bíi 4,180, odò méjì la fi wéra, kò sí ohun tó ń dí ojú ọ̀nà.

Bákan náà ni ti Èkó àti Ìbàdàn: "Lagos has more people than Ibadan." Kí ẹ tó mú "that of", ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè yọ ọ̀rọ̀-orúkọ tó fa wàhálà yẹn kúrò. Ní ìdajì ìgbà, ó máa ń ṣeé yọ.

Èyí tó tún pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni gbólóhùn tó fi "like" tàbí "unlike" bẹ̀rẹ̀. Kò ní "than" nínú, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń fò ó. "Like Ghana, Nigeria's cocoa is exported." Orílẹ̀-èdè la fi wé kòkó. "Like Ghana, Nigeria exports cocoa" dán ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Unlike Lagos, the rent in Osogbo is low" náà ní àrùn kan náà: ìlú lápá kan, owó ilé lápá kejì. "Unlike the rent in Lagos, that in Osogbo is low" tọ̀nà, ṣùgbọ́n èmi á kọ ọ́ pé "Rent is lower in Osogbo than in Lagos." Kí àwọn ọmọ máa wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé kọ́mà. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì gbà pé à ń fi wé ohun tó wà lẹ́yìn "like".


Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti máàkì nìkan. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, bí a bá sì fẹ́ gbéṣẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ alẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ bí aláìsàn ṣe ṣe sí sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kà á kò sí níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ohun tá a bá kọ nìkan ló ní.

"The swelling on the left leg is bigger than the right." Kí la ń sọ? Ṣé wíwú ẹsẹ̀ òsì tóbi ju wíwú ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, àbí ó tóbi ju odindi ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ? Tẹ́nì kan bá sì kà á, ṣé á mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà wú? "Bigger than that on the right" ló sọ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló wú.

"His blood pressure is lower than yesterday." Ìfúnpá lápá kan, àná lápá kejì. "Lower than it was yesterday." Ọ̀rọ̀ méjì péré la fi kún un.

"She responds better to paracetamol than ibuprofen." Ẹ tún "to" sọ: "better to paracetamol than to ibuprofen." Wọ́n kọ́ wa pé kí a má fi í sílẹ̀.

Èyí tó wá léwu jù, Màmá, Yorùbá kò lè gbà wá níbẹ̀. "The daughter trusts the doctor more than the nurse." Bí ẹ bá fi Yorùbá sọ ọ́, "Ọmọ rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé dókítà ju nọ́ọ̀sì lọ", ọ̀nà méjì náà ló ní. Ó lè jẹ́ pé ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú dókítà ju èyí tó ní nínú nọ́ọ̀sì lọ. Ó sì lè jẹ́ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé dókítà ju bí nọ́ọ̀sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní bó ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀: "more than she trusts the nurse", tàbí "more than the nurse does".


Tíṣà SS3

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè "kí ni 'ti' dúró fún" yẹn, mo ti lò ó ní kíláàsì lónìí. Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní "'Ti' dúró fún ìkọ̀wé, mà, kí wọ́n má fi Ṣadé wé bébà." Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Ó ku "any city" àti "prefer". Ẹ tún ràn mí lọ́wọ́.


Lẹ́sìn UTME

Ẹ̀yin màmá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB. Ọgọ́ta ìbéèrè ni ti Gẹ̀ẹ́sì nínú UTME, ogójì ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yòókù, torí náà ẹni tí gbólóhùn bá ń tàn jẹ máa pàdánù níbi tí ìbéèrè pọ̀ sí. Ní WAEC náà, nínú 50 máàkì tí wọ́n fi sí àròkọ, 20 ló wà fún bí ọmọ ṣe lo èdè, 10 fún ohun tó sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 10 fún àṣìṣe sípẹ́lì, àmì àti gírámà. Irú ìfiwéra tó wọ́ yìí á ba ti èdè jẹ́, á sì tún jẹ nínú ti gírámà.

"Any city": ẹ bi wọ́n pé Èkó wà nínú àwọn ìlú Nàìjíríà àbí kò sí níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Bí a bá wá sọ pé ó kún fún èrò ju "any city in Nigeria" lọ, a ti sọ pé ó kún ju ara rẹ̀ lọ. Ní Yorùbá, "ju gbogbo ìlú yòókù lọ" la máa sọ. "Yòókù" yẹn ni "other": "Lagos is busier than any other city in Nigeria." Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Èkó wé ìlú Ghana, "other" kò gbọdọ̀ wọlé: "Lagos is busier than any city in Ghana." Èkó kò sí lára ìlú Ghana. Mo máa ń fún wọn ní méjèèjì pa pọ̀ kí wọ́n sọ ìdí tí ọ̀kan fi gba "other" tí ìkejì kò gbà á. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tó yé.

"Prefer": "to" ló ń bá a rìn, kì í ṣe "than". "I prefer cooking to washing plates." Èyí tó máa ń dà wọ́n láàmú ni pé wọ́n rí "to", wọ́n sì fẹ́ kọ "to wash". "To" yìí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó bára mu: "cooking to washing", "tea to coffee". "Would rather" ló ń mú "than" wá, ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà ní ìhòòhò ni wọ́n sì ń fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: "I would rather cook than wash plates." Senior, junior, superior àti inferior, "to" ni gbogbo wọn ń gbà.


Alágbàwí Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ má bínú o, Màmá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí lórí ọ̀rọ̀ fífi Yorùbá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá ń gbé Yorùbá wọnú Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ "Yam is sweet more than rice", torí "Iṣu dùn ju ìrẹsì lọ" ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òun náà ló máa kọ "more better". Ó sàn kí wọ́n máa ronú ní Gẹ̀ẹ́sì látìbẹ̀rẹ̀.


Màmá Tíṣà

Ọmọ mi, mi ò bínú, ọ̀rọ̀ gidi lo sọ. "Sweet more than" wà níbẹ̀ lóòótọ́, Yorùbá ló sì ti wá. "Ju" tiwa ń dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe, Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi "more" síwájú rẹ̀ tàbí kó lẹ "er" mọ́ ìdí rẹ̀. Torí náà, mi ò ní kí wọ́n fi Yorùbá to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo ní kí wọ́n fi Yorùbá ṣe ni kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi wé ohun. Ìyẹn wà lọ́kàn kó tó di ọ̀rọ̀.

Ní ti ìbẹ̀rù yẹn, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, wọ́n wá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí èdè ilé bá dúró dáadáa, ó máa ń fa èdè ilé-ìwé lọ́wọ́ ni.


Ọmọ Kétu

Ẹ kú àárọ̀ o láti Kétu níbí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní Benin kí a tó kan Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fẹ́ jẹ́rìí sí ohun tí Màmá sọ. "Ti" yìí náà ló wà nínú Faransé, àfi pé ojú mẹ́rin ló ní: celui, celle, ceux, celles. "La population de Lagos est plus grande que celle d'Ibadan." Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà jẹ́ akọ tàbí abo, kó sì tún mọ̀ bóyá ó pọ̀. Nígbà tí mo dé Gẹ̀ẹ́sì tí mo rí i pé "that" àti "those" nìkan ló wà, ara tù mí. Kí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ má kà á sí wàhálà rárá.


Ẹ̀gbọ́n Maryland

Mo ń ran àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ṣe SAT àti ACT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ níbí. GMAT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ lọ kàwé gboyè gíga nínú okòwò, náà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí dán èèyàn wò púpọ̀ tẹ́lẹ̀, nínú apá tí wọ́n ń pè ní Sentence Correction, kó tó di pé wọ́n yọ apá yẹn kúrò nínú ẹ̀dà tuntun tó jáde ní oṣù kọkànlá 2023. Ìdánwò lè yí padà, iṣẹ́ tí gbólóhùn ń ṣe kò yí padà.

Ọ̀nà tí mo ń kọ́ wọn nìyí. Wá "than" tàbí "as". Fi ìka sórí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Padà sẹ́yìn, wá ẹnìkejì rẹ̀. Kọ àwọn méjèèjì, ọ̀kan lórí ìkejì. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan:

Nigeria sells more crude oil to India than Ghana.

Ìka wà lórí "Ghana". Ta ni ẹnìkejì rẹ̀? Ó lè jẹ́ "Nigeria": orílẹ̀-èdè méjì ń ta epo fún India. Ó sì lè jẹ́ "India": Nàìjíríà nìkan ló ń tà, orílẹ̀-èdè méjì ló ń rà. Gbólóhùn yẹn kò sọ èyí tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, "than Ghana does". Bó bá jẹ́ ìkejì, "than to Ghana". Ọ̀rọ̀ kan péré la fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti di gbólóhùn méjì tí ìtumọ̀ wọn jìnnà síra.

Àmọ́ níbi tí kò ti lè ṣini lọ́nà, ẹ má dì í ní ìdìkudì. "Nigeria grows more cassava than Ghana" kò nílò "does", torí pé Ghana kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbìn.


Ọmọ Àgíríìkì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kọ project náà. "Maize treated with poultry manure grew taller than NPK." Àgbàdo ga ju ajílẹ̀ lọ! "Taller than maize treated with NPK" ni, tàbí "than that treated with NPK". Nínú àbájáde ìwádìí, ibi tí èèyàn ti ń sọ pé tibí ju tọ̀hún lọ, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bí apá kejì bá ṣókùnkùn, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ohun tí a fi wé ohun.


Lẹ́sìn UTME

Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi mí: "She is taller than me" àbí "than I"?


Màmá Tíṣà

Nínú ìdánwò àti nínú lẹ́tà tó lọ síbi iṣẹ́, "than I". Bó bá le létí wọn, kí wọ́n parí rẹ̀: "than I am". Kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà níbẹ̀.


Olóòtú Ìròyìn

Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ń ṣe, mà. Lẹ́nu, "than me" ni gbogbo ayé ń sọ, mi ò sì rí àìda níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún "He likes her more than I" àti "more than me", ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ti ìkejì, èmi ló yẹ kó fẹ́ràn, ó lọ fẹ́ràn ẹlòmíì jù mí lọ.


Tíṣà SS3

Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀kan péré ló kù tí mo rí nínú ìwé wọn lálẹ́ yìí: "Her Yoruba is as good, if not better, than mine." Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é, mo fẹ́ ọ̀nà tó rọrùn tí màá fi fi hàn wọ́n.


Olóòtú Ìròyìn

Ẹ ní kí wọ́n fi ìka bo ohun tó wà láàárín kọ́mà méjèèjì, kí wọ́n ka ìyókù sókè: "Her Yoruba is as good than mine." Ẹnì kan lára wọn á pariwo pé "as" ló kù. "As good" ń wá "as" tirẹ̀, "better" ń wá "than" tirẹ̀, wọ́n sì ti fi "than" kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. "Her Yoruba is as good as, if not better than, mine" tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ahọ́n. Èyí tí mo máa ń jẹ́ kó kọjá sínú ìwé ìròyìn nìyí: "Her Yoruba is as good as mine, if not better." Ẹ parí ìfiwéra kìíní ná, kí ẹ wá so ìkejì mọ́ ọn nídìí.